Ìtọ́jú aboyún lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn: èwo ni fóònù lè ṣe, èwo ló gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn?

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2020 pé COVID-19 ti di àjàkálẹ̀ àrùn káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ilé ìwòsàn ló ṣeé sún síwájú. Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún lè dúró. Ẹni tó fẹ́ gba awò ojú tuntun lè dúró. Oyún kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ti wọ ọ̀sẹ̀ 28, yóò wọ 29, àrùn ì báà wà níta, ì báà má sí.

Nítorí náà, àwọn tó ń tọ́jú aboyún wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní láti wá ọgbọ́n dá. Obìnrin tó yẹ kó wá lọ́sẹ̀ yìí ńkọ́, nígbà tó jẹ́ pé orí bẹ́ńṣì tí yóò jókòó sí láti dúró de nọ́ọ̀sì gan-an lè jẹ́ ibi tí yóò ti kó àrùn? Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe àsọdùn. Bí COVID-19 bá mú aboyún, ó ṣeé ṣe kó nílò ìtọ́jú àkànṣe ju obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò lóyún lọ, ó sì tún ṣeé ṣe kó bímọ kí oṣù tó pé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ṣe ni pé wọ́n pín ìbẹ̀wò sọ́nà méjì: díẹ̀ lójúkojú, díẹ̀ lórí fóònù tàbí fídíò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ lọ́jọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé àrùn náà kì í ṣe pàjáwìrì àgbáyé mọ́, ṣùgbọ́n ètò ọlọ́nà méjì yìí kò bá a lọ. Lóṣù Kẹrin ọdún 2025, ACOG, ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún ní Amẹ́ríkà, gbé ìmọ̀ràn jáde pé kí wọ́n yéé ka iye ìbẹ̀wò kan náà fún gbogbo aboyún, kí ipò ara àti ipò ìgbé-ayé obìnrin kọ̀ọ̀kan máa sọ iye tó nílò, kí fóònù sì wà lára ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tọ́jú rẹ̀. Àjàkálẹ̀ mìíràn lè dé, nítorí náà ó yẹ ká mọ ohun tí a ti rí kọ́, ká sì mọ ibi tí ewu wà.

Iye ìbẹ̀wò tí a jogún

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé àwọn onímọ̀ jókòó, wọ́n ṣèwádìí, wọ́n sì rí i pé aboyún gbọ́dọ̀ wá nígbà báyìí báyìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà tó ní kí aboyún máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó wá di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kó sì di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ti wà nílẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1929 sí 1930, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà gbé e kalẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìbẹ̀wò náà máa ń tó 12 sí 14. Bí bàbá ṣe ṣe é ni ọmọ ń ṣe é, fún bí àádọ́rùn-ún ọdún.

Lọ́dún 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ètò oníbẹ̀wò mẹ́rin jáde fún aboyún tí kò ní ìṣòro. Nígbà tó di 2016, ó yí i padà sí mẹ́jọ, ó kéré tán: ọ̀kan kí oyún tó kọjá ọ̀sẹ̀ 12, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ 20, 26, 30, 34, 36, 38 àti 40. Ìdí tó fi gbé e sókè ló yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ dín ìbẹ̀wò kù fi sọ́kàn. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ, wọ́n rí i pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, níbi tí wọ́n ti dín ìbẹ̀wò kù, ikú ọmọ inú àti ti ọmọ tuntun lé sí i ní nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, wọn kò rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kedere. Dídín ìbẹ̀wò kù láìfi nǹkan kan dípò rẹ̀ lè pa ọmọ, pàápàá níbi tí ìbẹ̀wò kò ti tó tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àti iṣẹ́ ọwọ́

Ẹ jẹ́ ká tú ìbẹ̀wò kan ká, ká wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Apá kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Agbẹ̀bí á béèrè bóyá èébì ti dáwọ́ dúró, bóyá oorun ń wá, bóyá ọmọ ń yí nínú, bóyá ọkàn obìnrin náà balẹ̀. Á ṣàlàyé èsì àyẹ̀wò. Á sọ ìdí tí oògùn ẹ̀jẹ̀ fi ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, kí obìnrin náà má bàa ju oògùn nù. Wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ nípa ibi tí yóò bí sí, ta ni yóò gbé e lọ bí ìrọbí bá dé lóru, àti bí yóò ṣe fún ọmọ lọ́mú. Kò sí ìkankan nínú èyí tó nílò bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò. Àwọn obìnrin kan tilẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ fàlàlà lórí ìjókòó inú ilé wọn ju bí wọ́n ti lè ṣe nínú yàrá tí ẹlòmíràn ti ń kan ilẹ̀kùn.

Apá kejì ń fẹ́ ọwọ́, abẹ́rẹ́ àti ẹ̀rọ. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde: kí wọ́n mọ irú ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà, bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, bóyá kòkòrò HIV, syphilis tàbí hepatitis B wà níbẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe skáànù kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24, kí wọ́n mọ ọjọ́ orí oyún dájú, kí wọ́n sì rí i bóyá ìbejì ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 ni wọ́n ń wá àtọ̀gbẹ inú oyún. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28, obìnrin tí irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ Rhesus negative nílò abẹ́rẹ́ anti-D, kí ara rẹ̀ má bàa gbógun ti ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà níbẹ̀. Wọ́n á fi téèpù wọn ikùn láti mọ̀ bóyá ọmọ ń dàgbà bó ṣe yẹ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ 36, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan ikùn yẹn kó mọ̀ bóyá orí ọmọ ló kọjú sísàlẹ̀ tàbí ìdí.

Ètò tó dára bẹ̀rẹ̀ láti orí apá kejì yìí. Kí wọ́n kọ́kọ́ to gbogbo ohun tó ń fẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kó wọn jọ sí ọjọ́ díẹ̀, kí skáànù, gbígba ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ lè parí ní ìrìn kan ṣoṣo. Ohun tó bá kù ni kí wọ́n gbé lé fóònù. Ilé ìwòsàn tó bá kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ fídíò, tó wá ń wá ìbẹ̀wò tí yóò gbé sínú rẹ̀, ti gba ẹ̀yìn wọ ọ̀rọ̀ náà.

Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó gba ọ̀nà tó tọ́ yìí lọ́dún 2020. Fún aboyún tí kò ní ewu púpọ̀, wọ́n ṣètò ìbẹ̀wò ojúkojú mẹ́rin, ọjọ́ skáànù kan, àti ìbẹ̀wò orí fóònù tàbí fídíò mẹ́rin. Gbogbo àyẹ̀wò àti abẹ́rẹ́ tó pọn dandan wà nínú àwọn ọjọ́ tí obìnrin náà bá wá fúnra rẹ̀.

Ìfúnpá

Ohun kan wà tí kò bọ́ sí apá kankan nínú méjèèjì dáadáa, òun gan-an ló sì lè gba ẹ̀mí. Ìyẹn ni ìfúnpá, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan bó ṣe ń ṣàn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, pàápàá èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní preeclampsia, lè bẹ̀rẹ̀ láìsí àmì kankan. Obìnrin náà ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣiṣẹ́, ìfúnpá rẹ̀ sì ti ń gòkè. Bí wọn kò bá tètè rí i, ó lè di gìrì, ó lè ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó lè pa ìyá, ó lè pa ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2025 pé àwọn àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí nǹkan bí 16 nínú gbogbo 100 ikú aboyún àti abiyamọ lágbàáyé. Kò sí bí ẹ ṣe lè wo ojú ènìyàn lórí fídíò kí ẹ mọ ìfúnpá rẹ̀. Agbẹ̀bí tó mọṣẹ́ jù lọ kò lè ṣe é.

Nítorí náà, ìbẹ̀wò orí fóònù tí kò sí ẹ̀rọ ìfúnpá nílé aboyún kò tíì pé ìbẹ̀wò, pàápàá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20. Mo gbà bẹ́ẹ̀ gidigidi. Ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti dán wò lára aboyún, nítorí àwọn ẹ̀rọ kan tó ń sòótọ́ lára àwọn ẹlòmíràn máa ń ka iye tó kéré fún obìnrin tó ní preeclampsia. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá òkè sàn ju èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn-ọwọ́ lọ. Ọ̀já rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá apá mu. Bó bá kéré jù fún apá tó tóbi, yóò ka iye tó ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó náà ṣe pàtàkì. Kí obìnrin náà kọ́kọ́ tọ̀, kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti nǹkan, kí ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, kó má gbé ọ̀kan lé èkejì. Kí apá wà lórí tábìlì ní ìwọ̀n àyà, kí ọ̀já náà kan ara, kó má ṣe wà lórí aṣọ. Kó má sọ̀rọ̀. Kó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kó sì kọ méjèèjì sílẹ̀. Bí nọ́ńbà òkè bá tó 140 tàbí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90, kó pe àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ti òkè bá tó 160 tàbí ti ìsàlẹ̀ bá tó 110, kó máa lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ara ì báà le koko.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lásán kì í ṣe ìtọ́jú. Lọ́dún 2022, èsì ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní BUMP jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aboyún tó lé ní 2,400, tí gbogbo wọn ní ewu ẹ̀jẹ̀ ríru, ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí apá kan máa wọn ìfúnpá ara wọn nílé. Wọn kò tètè rí ẹ̀jẹ̀ ríru lára àwọn yẹn ju ti àwọn tó ń gba ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn kan fi èyí sọ pé ẹ̀rọ ilé kò wúlò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn obìnrin yẹn kò dáwọ́ ìbẹ̀wò ojúkojú dúró. Ẹ̀rọ náà jẹ́ àfikún fún wọn. Lásìkò àjàkálẹ̀, òun ni yóò dípò ìbẹ̀wò tí kò wáyé. Ohun tí ìwádìí náà kọ́ mi ni pé nọ́ńbà tí obìnrin kọ sínú ìwé gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó mọ ohun tó túmọ̀ sí, tó sì láṣẹ láti ní kó máa bọ̀.

Ohun tí àwọn ilé ìwòsàn rí

Monash Health nílùú Melbourne, ní Ọsirélíà, yí ètò rẹ̀ padà lóṣù Kẹta ọdún 2020. Láàárín oṣù díẹ̀, ìbẹ̀wò aboyún 20,154 wáyé níbẹ̀, 10,731 nínú rẹ̀ sì jẹ́ orí fóònù tàbí fídíò. Ìyẹn ju ìdajì lọ. Nígbà tí wọ́n fi èsì wé ti ọdún méjì tó ṣáájú, iye àwọn tó ní preeclampsia kò yàtọ̀, ti àtọ̀gbẹ inú oyún kò yàtọ̀, ti ọmọ tó kú sínú náà kò yàtọ̀. Ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ló gbé èsì náà jáde lọ́dún 2021.

Ti Parkland nílùú Dallas ní Amẹ́ríkà wú mi lórí jù. Ọ̀pọ̀ àwọn aboyún ibẹ̀ jẹ́ tálákà, èdè Spanish sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ. Ilé ìwòsàn náà kò béèrè fídíò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìpè fóònù lásán ni wọ́n lò. Wọ́n fi àwọn obìnrin tó bímọ lọ́dún 2019 wé àwọn ti 2020, àpapọ̀ wọn lé ní 12,000, èsì burúkú kò pọ̀ sí i. Ní àríwá California, níbi tí Kaiser Permanente, ilé iṣẹ́ ìlera ńlá kan, ti tọ́jú aboyún tó lé ní 150,000 láàárín ọdún 2018 sí 2020, ìtọ́jú tó da ojúkojú pọ̀ mọ́ fóònù tàbí fídíò kò mú kí preeclampsia, iṣẹ́ abẹ ìbímọ tàbí bíbí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé lé sí i.

Ẹ wá wo apá kejì. Ní Nepal, àwọn olùṣèwádìí ń ṣọ́ ilé ìwòsàn mẹ́sàn-án nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé dé lọ́dún 2020. Iye obìnrin tó ń wá bímọ níbẹ̀ já sí nǹkan bí ìdajì. Ikú ọmọ tuntun fò láti 13 nínú 1,000 lọ sí 40. Ní ilé ìwòsàn St George's nílùú London, ọmọ tó kú sínú fò láti 2.38 nínú 1,000 lọ sí 9.31 ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ àjàkálẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ COVID-19 kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìyá kankan nínú àwọn tó pàdánù ọmọ wọ̀nyẹn. Lọ́dún 2021, àwọn kan kó ìwádìí 40 láti orílẹ̀-èdè 17 jọ, wọ́n rí i pé ikú ọmọ inú àti ikú àwọn ìyá ti pọ̀ sí i lágbàáyé, èyí tó burú jù sì wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó.

Ní Melbourne àti ní Nepal, ẹsẹ̀ obìnrin dín kù lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ní Melbourne, nígbà tí ọjọ́ obìnrin kan bá pé, ẹnì kan pè é, ó béèrè ìfúnpá rẹ̀, ó sì ní àyè láti ní kó wá lọ́la. Ní Nepal, ọ̀nà ti dí, ọkọ̀ kò sí, ọ̀pọ̀ kò sì rí ẹni béèrè wọn. Ìyàtọ̀ yìí ni mo rò pé gbogbo àríyànjiyàn lórí fóònù àti ilé ìwòsàn máa ń fò dá. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé Melbourne lówó, skáànù kò sì dáwọ́ dúró níbẹ̀. A kò lè gbé ètò wọn lọ síbi tí skáànù kò sí ká máa retí èsì kan náà.

Àwọn tí fóònù lè fi sílẹ̀

Àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò lọ́dún 2023 pé nǹkan bí bílíọ̀nù 2.6 ènìyàn ni kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ilé mìíràn, fóònù kan ló wà, ọwọ́ ọkọ ló sì wà. Ìdí nìyí tí ìpè lásán ti Dallas fi ṣe pàtàkì, àti ti MomConnect ní Gúúsù Áfíríkà, tó ti ń fi ọ̀rọ̀ ṣókí ránṣẹ́ sí aboyún láti ọdún 2014 lórí fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kí àpò aboyún má sì sanwó ìpè náà. Bí ilé iṣẹ́ adójútòfò tàbí ìjọba bá ń sanwó fún dókítà kìkì nígbà tí aláìsàn bá jókòó síwájú rẹ̀, ètò yìí kò lè pẹ́.

Ohun kan tún wà tó máa ń ká mi lára. Obìnrin tí wọ́n ń lù nílé kò lè sọ ọ́ lórí fóònù nígbà tí ẹni tó ń lù ú jókòó tì í. Lásìkò kónílé-ó-gbélé, kò sí ibi tó lè sá sí láti gba ìpè. Agbẹ̀bí lè béèrè ìbéèrè tí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ tó láti fi dáhùn, ṣùgbọ́n kò tó. Nínú àwọn ìbẹ̀wò ojúkojú tó bá ṣẹ́kù, ó kéré tán, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà tí obìnrin náà yóò dá wọlé, kí ẹni tó bá a wá dúró síta.

Aboyún ìbejì, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ kó tó lóyún, ẹni tó ti pàdánù ọmọ rí, wọn kò gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ètò tó dín ojúkojú kù láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ tún un ṣe fún un. Ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ wọn kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́, nítorí ásípírìn kékeré tí wọ́n ń fún ẹni tó ní ewu preeclampsia ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 16.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìlùkìkì ọkàn ọmọ láti máa lò ó nílé. FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rẹ̀ lè gbọ́ ọkàn ara rẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ibi ọmọ kọjá, kó rò pé ọmọ ló gbọ́, kó sì jókòó sílé nígbà tó yẹ kó ti sáré. Bí ọmọ kò bá yí bó ṣe máa ń yí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí omi bá já, bí orí bá ń fọ́ tí kò lọ, bí ojú bá ń ṣú, bí ìrora bá wà lábẹ́ egungun ìhà, bí ojú àti ọwọ́ bá wú lójijì, bí èémí bá ń há. Ìwọ̀nyí kì í dúró de ọjọ́ ìpè, àjàkálẹ̀ kò sì sọ wọ́n di ohun tí à ń mú mọ́ra.

Lẹ́yìn ìbí ni fóònù ti ṣe dáadáa jù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ètò sì ti ń gbàgbé rẹ̀. Ìfúnpá máa ń gòkè jù láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbí, nígbà tí ìyá ti padà sílé pẹ̀lú ọmọ. Ní Yunifásítì Pennsylvania, kí COVID-19 tó dé rárá, wọ́n pín obìnrin 206 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru nínú oyún sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ní kí apá kan padà wá sílé ìwòsàn fún àyẹ̀wò, wọ́n sì fún apá kejì ní ẹ̀rọ ìfúnpá láti máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ lórí fóònù. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n rí ìfúnpá 92 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn onífóònù. Ti àwọn tí wọ́n ní kó padà wá jẹ́ nǹkan bí 44. Nítorí náà, kí ilé ìwòsàn tó bá yá aboyún ní ẹ̀rọ má gbà á padà lọ́jọ́ tó bá bímọ.